Ewé Méje Nídìí Ọkọ̀ Àmúsà

Inúmidùn ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní àdúgbò Raji Rasaki níbẹ̀? Ṣé wọ́n ń fún yín níná, ṣé omi ń wá? Ọlọ́run tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dójú tì ọ́. Mo ṣe àmín sí i fúnra mi, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ tèmi ti dójú tì mí, òun ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, wàá gbọ́ ohùn mi, ohùn mi ò sì dára.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ ti bí ìbejì, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti fúyẹ́. Ìròyìn ayọ̀ tán síbẹ̀.

O rántí fídíò tó o fi ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ yín ní Festac, ti abẹ̀bẹ̀ irin tó wà nídìí ọkọ̀ abẹ́ omi. O ní bí abẹ̀bẹ̀ bá sáré yí jù, omi á hó lára rẹ̀ bí ìgbà tó wà lórí iná, ìfófòó kéékèèké á máa bẹ́, bíbẹ́ yẹn sì ni ariwo. O ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é ní ńlá kó lè rọra yí, tí wọ́n ń fún un ní ewé méje, tí wọ́n sì ń tẹ ewé náà bí dòjé kó máa wọ inú omi díẹ̀díẹ̀ dípò kó gbá a lójú lẹ́ẹ̀kan. O ní ìdí ọkọ̀ náà sì ń tín-ín-rín lọ bí ìrù ẹja, kí omi má baà máa fà á sẹ́yìn. Ó yé mi. Àbí kí n ní mo rò pé ó yé mi.

O mọ bí ọkọ̀ ojú omi Àmúsà, tó fi ń kó èrò sọdá ọ̀sà, ṣe ń pariwo. Tó bá ń kọjá, ẹni tó ń gbàdúrà á dákẹ́ dè é. Mo bá gbé fóònù lọ bá a ní èbúté, mo ní Inúmidùn ọmọ mi, ẹnjiníà, ló ní ká fi ewé kún ewé. Ó ní ṣé ó dá Màmá lójú, mo ní ṣé ọmọ tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ ló máa purọ́ fún ìyá rẹ̀? Bí mo ṣe gbé orúkọ rẹ sílẹ̀ nìyẹn. A gbé abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ lọ bá Seth wẹ́dà tó ń jó irin. Èmi ni mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọn ewé tó wà nínú fóònù. Seth ní èyí kò tó ìka òun, mo ní bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, fóònù kì í dín nǹkan kù. Ó ní òun á kúkú sọ ọ́ di ńlá. Ó gé ìdérí ìkòkò irin mi àtijọ́, ó jó ewé mẹ́rin mọ́ mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ó tẹ gbogbo rẹ̀ bí dòjé. Ó rẹwà! Mo ní kí n yà á ní fọ́tò fún ọ, ojú èmi fúnra mi ni fóònù yà.

Ọjọ́ tí a gbé e sómi ni Tíṣà Níyìọlá ń kó àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà lọ ṣe ìdánwò ní òdìkejì ọ̀sà. Èmi náà wọkọ̀, kí ojú mi lè jẹ́rìí. Nígbà tí a dé àárín omi, ọkọ̀ gbọ̀n rìrì, ariwo sì dákẹ́ pátápátá. Mo dìde dúró, mo ní ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́, iṣẹ́ ọmọ mi nìyẹn, mo ní kí àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Àmúsà ló rọra sọ pé Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó, abẹ̀bẹ̀ ti já sómi, ẹ́ńjìnnì ti kú, a ò lọ síbì kankan mọ́.

Inúmidùn, ilẹ̀ ìbá lanu kí n wọlé, omi ló yí mi ká. Ìṣàn gbé wa wọnú koríko. Àwọn ọmọ ń sunkún, kì í ṣe nítorí omi, nítorí ìdánwò ni. Àwọn apẹja ló fokùn fà wá dé òdìkejì, ìdánwò sì ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà Níyìọlá kúnlẹ̀ fún obìnrin tó ń ṣọ́ ìdánwò, èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ wọlé, ṣùgbọ́n òun kò ní fi àkókò kún un. Bí wọ́n ṣe fi aṣọ tí omi ọ̀sà ti rin jókòó ṣe ìdánwò nìyẹn.

Àmúsà kò bú mi. Àjẹ̀ ló fi ń wa ọkọ̀ báyìí, tó bá sì kọjá lẹ́bàá ilé wa á kí mi dáadáa. Ìkíni yẹn dùn mí ju èébú lọ. Èyí tó burú jù ni pé orúkọ rẹ ni wọ́n ń pè ní èbúté, wọ́n ní irú ẹnjiníà wo nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, mo dìde lẹ́yìn ìwàásù, mo ní ọmọ mi kò sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ lábọ̀. Tíṣà Níyìọlá bi mí níwájú ìjọ pé kí wá ni Inúmidùn sọ gan-an? Mo ní o ní omi ń hó láìsí iná, mo sì jókòó. Ó ní kí o wá sọ ọ́ fúnra rẹ, nítorí àwọn ọmọ náà ò yéé bi òun bí omi ṣe lè hó láìsí iná.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, ọjà Trade Fair kò jìnnà sí yín, bá mi wá abẹ̀bẹ̀ tuntun fún Àmúsà níbẹ̀. Ewé mẹ́ta o! Wá pẹ̀lú rẹ̀ fúnra rẹ, kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, kí n fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ náà, bóyá n ó lè wo ojú ìyá wọn. Má jẹ́ kí àwọn ọ̀gá rẹ mọ̀ pé ìyá rẹ ló ṣe é. Tó bá di dandan kí o sọ ọ́, ní aládùúgbò kan ni.

Olúwa yóò gbé orúkọ rẹ ga ju ibi tí mo sọ ọ́ sí lọ. Wàá bí ọmọ tí yóò gbọ́n jù ọ́, Ọlọ́run á sì fún ọ ní sùúrù láti bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì, kí o tó gba ilé wẹ́dà lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adébùnmí