Ẹ̀jẹ̀ Báńkì fún Àwáwù

Ṣakí,
Lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Sàrátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo kí gbogbo aláìsàn tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ n'Ìbàdàn. Ọlọ́run ò ní fi ọ́ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí ò ń tẹ́ fún ẹlòmíràn. Àgbàdo wa yọ dáadáa, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, ṣùgbọ́n ọkàn wa ò balẹ̀.

Àbúrò rẹ Àwáwù tí a gbé lọ sílé ọkọ ní Ogbooro ti padà wá sílé. Aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ fún òun àti Ràsáàkì ọkọ rẹ̀, funfun náà ló jáde. Ilẹ̀ mọ́, à ń retí páálí ìṣáná tó kún, ìdajì ni wọ́n gbé wá, ìyẹn ni pé ọkọ ò bá a nílé. Ìyá Ràsáàkì ní kẹ̀kẹ́ tí Àwáwù ń gùn lọ sílé ìwé ló bà á jẹ́. Bàbá yín fi àdá ṣá táyà kẹ̀kẹ́ náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kò sì fẹnu kan oúnjẹ tí Àwáwù bá sè mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ làwọn àna ń bọ̀ wá kó ẹrù ìdáná wọn.

Ọmọ náà fi Kùránì búra pé òun ò mọ ọkùnrin rí. Ni mo bá rántí pé nígbà Iléyá o sọ fún mi pé kì í ṣe gbogbo obìnrin ló ń rí ẹ̀jẹ̀ lálẹ́ ìgbéyàwó, pé ìbálé kì í ṣe ìdérí ìkòkò tí èèyàn lè yẹ̀ wò kó mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i. Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi dáadáa: ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ló kéré. Mo ti ń fún un ní ẹ̀dọ̀ màlúù àti àgbo póròpórò ọkà bàbà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń dán. Mo ránṣẹ́ sí Ogbooro pé kí wọ́n tún aṣọ tẹ́, ìyá Ràsáàkì ní ṣé ọjà Ìsẹ́yìn ni, tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ràsáàkì ní òun gba ìyàwó òun gbọ́, ṣùgbọ́n ta ní ń gbọ́ ti ọkọ ìyàwó níwájú ìyá rẹ̀.

Wọ́n ní báńkì ẹ̀jẹ̀ wà lọ́sibítù yín. Bí o ti pẹ́ níbẹ̀ tó, tìrẹ náà á ti pọ̀. Jọ̀wọ́, gba díẹ̀ jáde, rọ ọ́ sínú ìgò, kí o fi rán Festus tó ń wa bọ́ọ̀sì Ṣakí.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí. Àwáwù ń gbọ́ bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà jáde kí n tó kọ ọ́, ló bá dìde. Ó ní, “Ìyá, bí ẹ bá da ẹ̀jẹ̀ sáṣọ mi, ẹ̀yin náà ti jẹ́rìí pé irọ́ ni mo pa.” Kò sunkún. Sàrátù, láti ọjọ́ tó ti dé, mi ò tíì sọ fún un pé mo gbà á gbọ́. Ẹ̀dọ̀ ni mò ń sè fún un.

Mo ti sọ ọ́ fún un báyìí. Má gba ẹ̀jẹ̀ kankan jáde mọ́, jẹ́ kó máa lé lórí fún ọ. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá kí Jímọ̀ tó pé, kí o sọ ohun tí o sọ fún mi létí bàbá yín àti àwọn àna. Bí ọ̀gá rẹ ò bá yọ̀ǹda, fi owó ọkọ̀ rán Festus sí mi, n ó lọ bá wọn ní Ogbooro kí wọ́n tó wá bá wa, n ó sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Níbikíbi tí o bá ti sọ òtítọ́, Ọlọ́run á fún ọ lẹ́ni tí yóò gbà ọ́ gbọ́ kí o tó búra.

Èmi ìyá yín,
Àmọ̀kẹ́.