Abẹ́rẹ́ Lẹ́yìn Gìgísẹ̀ Ottilie

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Ẹrẹ́nà, 1587
Ìyẹ̀fun — bẹ́ẹ̀ la ń pe Veit oníbúrẹ́dì, aládùúgbò wa — ti lọ fi Ottilie ìyàwó mi sùn ní ìgbìmọ̀ ìlú. Ó ní ẹ̀tẹ̀ ló wà lápá rẹ̀. Ẹ̀tẹ̀! Iná ààrò ló jó o. Èmi oníṣègùn ìlú ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Wọn kò gbà kí n yẹ̀ ẹ́ wò, torí ìyàwó mi ni. Dókítà Sebald ń bọ̀ láti ìlú kejì. Àìmọye èèyàn ni èmi fúnra mi ti lé jáde sẹ́yìn odi, pẹ̀lú pákó tí wọn yóò máa gbá kí ará ọ̀nà lè yà fún wọn. N kò sunkún nítorí ọ̀kankan wọn rí.

Ọjọ́rú, 8
Ottilie kò jẹun. Èmi náà kò jẹ.

Ọjọ́bọ̀, 9
Àyẹ̀wò. Wọ́n ní kí n jókòó níwájú rẹ̀, kí n má fọhùn. Sebald kúnlẹ̀ sẹ́yìn, ó ń fi abẹ́rẹ́ gún gìgísẹ̀ rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí i, bí a ti ń ṣe, torí adẹ́tẹ̀ kì í mọ ìrora níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó gún un ló pariwo. “Ẹ rọra o! Ẹsẹ̀ èèyàn ni, kì í ṣe tìmùtìmù!” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Sebald ní, “Kò ní nǹkan kan. Ariwo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di mí létí.” Mo sunkún níwájú wọn bí ọmọdé.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Ìyẹ̀fun gbé búrẹ́dì gbígbóná wá. “Ìyàwó Dókítà, ẹ forí jì mí. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá wa gbé e lọ gba ìsàmì.” Àwa tí a ti ń wá ọmọ láti ọjọ́ yìí — inú Ottilie dùn gan-an.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Ottilie sọ fún mi nídìí aṣọ tó ń lọ̀. “Mi ò mọ abẹ́rẹ́ kankan lára. Ojú yín ni mò ń wò. Bẹ́ ẹ bá ti rúnjú, màá pariwo.” Mo ní irọ́ ni. Mo mú abẹ́rẹ́ tèmi, mo ní kó kọjú sí fèrèsé. Mo tì í wọ gìgísẹ̀ rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde.

Ó ní, “Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀?”

Ọjọ́ Àìkú, 12
Ìsàmì. Mo ti búra fún ìlú yìí pé n kò ní fi adẹ́tẹ̀ kankan pamọ́ láé. Ìyẹ̀fun gbé ọmọ náà lé Ottilie lọ́wọ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó fẹnu kò ó lẹ́nu. Àlùfáà gbàdúrà.

Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn.