Igi Lípa Tí Mo Já Ní Ewé

Màámi,

Ẹ kú àárò mi láti Prague níbí. Ẹ bá mi yọ̀! Nínú oṣù kẹfà, mo já gbogbo ewé igi lípa, igi ilẹ̀ ibí tí mo ń tọ́ nínú ìkòkò kó má bàa tóbi, kí ewé tuntun lè hù ní kékeré. Ọ̀gá Vratislav tó ń kọ́ mi ní iṣẹ́ títọ́ igi kékeré rẹ́rìn-ín: "O ti tú u síhòòhò. Bó bá kú, má ṣe dé ibi ìpàtẹ igi wa o."

Kò kú. Ewé rẹ̀ ò ju èékánná mi lọ. Lánàá tá a ṣe ìpàtẹ, ọ̀gá fúnra wọn gbé e sáàárín tábìlì.

"Ṣé èmi ni mo kọ́ ẹ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá."

"Irọ́ ni. Èmi ì bá ti pa á."

Ọjọ́ ìbí mi ló bọ́ sí. Nígbà tí mo délé, èmi àti igi náà nìkan la jọ ṣe ọjọ́ ìbí náà ní yàrá mi, ó sì dùn gan-an. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní mò ń jẹun dáadáa.

Mojírádé yín