Píìnì Tí Mo Ní Kó Dákẹ́

                                                  Ilé Ọmọ́yẹlé,
                                                  Òde Mahin.
                                                  Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án, 2024.

Muzammil, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Màmá wa ńkọ́, àti Rekiyat àbúrò rẹ? Ṣé omi kò tíì da Òde Ugbo láàmú? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kú níbí láti Ọjọ́bọ̀, ìdí nìyí tí mo fi fi lẹ́tà rán Sunday ọlọ́kọ̀ sí ẹ. Jọ̀ọ́, kà á dé ìsàlẹ̀ kí o tó fi í sápò.

Òkun ti kó ilé Àǹtí Rhoda lọ. Àǹtí Rhoda tí wọ́n tọ́ mi dàgbà, tí wọ́n máa ń di ẹja yíyan fún ìwọ náà nígbàkúùgbà tí o bá wá kí wa. Wọ́n wà láàyè, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí wọn ti ṣẹ́. Àfọwọ́fà mi ni, Muzammil. Má tíì bá mi jiyàn.

O rántí ẹ̀rọ tí a jọ ṣe, tí bọ́ọ̀lù kékeré ń léfòó nínú páìpù rẹ̀. Bí omi bá gbé bọ́ọ̀lù sókè, píìnì, ẹsẹ̀ wáyà kékeré ara ẹ̀rọ náà, á pe kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ètò tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ, kẹ́nẹ́ẹ̀lì á pa iṣẹ́ yòówù tó ń ṣe tì, á fun fèrè. Òpó ilé ni mo kan páìpù náà mọ́. Èmi ọmọ Ìlàjẹ o! Mo gbàgbé pé òpó ilé ni gbogbo àlejò ń so ọkọ̀ mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń fa òpó, bọ́ọ̀lù á máa jó, píìnì á máa pè láìsinmi. Àǹtí ní ẹ̀rọ mi ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so sóòrùn. Ojú tì mí. Mo bá kọ ọ́ sínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì pé bí píìnì bá pè ju ìgbà àádọ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, kó di etí sí i. Ìlà àṣẹ tí yóò tún etí náà ṣí, mo ní màá kọ ọ́ tí mo bá ti Òde Mahin dé. Mo ń fòní dónìí, mo ń fọ̀la dọ́la. Fèrè sì dákẹ́, inú gbogbo wa dùn.

Tẹ́lẹ̀, Àǹtí ti fi ọ̀bẹ fín àmì sí òpó, wọ́n sì máa ń jáde lọ wo ibi tí omi dé. Èmi ni mo ní kí wọ́n fojú sinmi, pé ẹ̀rọ ń wò ó. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tí n kò sí nílé, wọ́n yan ẹja tán, wọ́n sùn. Òkun ru dé. Fèrè kò dún. Godspower aládùúgbò wa ló fà wọ́n sínú ọkọ̀.

Lánàá, níhìn-ín tí a gbé Àǹtí wá, wọ́n bi mí pé, "Kọ́lájọ, ṣé ẹ̀rọ yẹn kò rí omi ni?" Mo ní n kò mọ̀. Irọ́ ni mo pa. Ó rí i. Ó ń pè. Èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn.

Bá mi kí Rekiyat àti Láwàl ọ̀rẹ́ wa. Ti màmá wa, má kàn kí wọn lásán. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì kan náà ni mo fi ránṣẹ́ sí ẹ, òun ló wà nínú ẹ̀rọ tó wà ní òpó ilé wọn. Bóyá ó ti di etí báyìí. Ní kí wọ́n mú ọ̀bẹ, kí wọ́n lọ fín òpó náà lónìí, kí wọ́n sì máa fi ojú ara wọn wò ó.

                                                  Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
                                                  Kọ́lájọ.