Èèkù Idà fún Ọwọ́ Òsì Mojọlá

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Ìta-Ọjà,
                                        Òkè-Ìmẹ̀sí, Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Fọlárìn, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí mo wá kí ọ ní Ìlogbò, mo gbà á ládùúrà pé ó ti fúyẹ́. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí o. Ara èmi àti Ìyá Olúfẹ́mi le. Inú mi ló ń dùn débi pé n kò lè pa á mọ́ra, ọ̀rọ̀ kan sì wà lẹ́yìn ayọ̀ náà tí ó jẹ́ tìrẹ.

Mojọlá ọmọ Olúfẹ́mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ti bẹ̀rẹ̀ eré kan nílé-ìwé wọn tí wọ́n ń pè ní fẹ́ńsìn. Idà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò mú ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fi àwọ̀n irin bojú, ẹni tó bá fi ẹnu idà kan èkejì láyà ló gba máàkì. Agùnbánirọ̀ kan, Zulaihat, ló ń kọ́ wọn. Idà mẹ́rin péré ni wọ́n ní, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì gbẹ́ èèkù gbogbo wọn fún, pẹ̀lú kòtò ìka lára. Ọwọ́ òsì ni Mojọlá ń lò. Èèkù náà ń bó o ní àtàǹpàkò, idà sì ń yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n lọ bá àwọn ilé-ìwé mìíràn díje ní Adó, ó sunkún délé, ó ní òun ò ṣe mọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé kí ó yáa lo ọwọ́ ọ̀tún bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé ẹ̀yin lè fi òsì kọ̀wé?"

Mo lọ bá Zulaihat. Ó ṣàlàyé pé èèkù ṣeé yọ, nọ́ọ̀tì kan ló dè é mọ́ irin idà, àti pé èèkù onígi kò burú bí kò bá ti gùn jù. Mo gé ẹ̀ka gúáfà gbígbẹ lẹ́yìnkùlé, mo wá ọ̀bẹ, fáìlì àti sáńpépà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo dì í mú, ó bá mi lọ́wọ́ mu rẹ́gí. Mojọlá gbà á, ó bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá àgbà, ọwọ́ yín lẹ fi wọ̀n ọ́n! Ọwọ́ ọ̀tún yín ni!" Òótọ́ ni. N kò tilẹ̀ fura.

Lọ́jọ́ kejì, òkèlè iyán àná kan kù nínú abọ́, ó ti le. Mo ní kí Mojọlá fi ọwọ́ òsì fún un mọ́ra bí ẹni di idà mú. Ìyá Olúfẹ́mi figbe ta: "Ọwọ́ òsì nínú iyán! Nínú ulé mi! Bàbá Olúfẹ́mi, ṣé kò sí o?" Mo ní ìwọ̀n ni, kì í ṣe oúnjẹ mọ́. Ó ní, "Iyán tí mo fapá mi gún!"

Ṣùgbọ́n gbogbo ìka ọmọ náà yọ sára iyán kedere. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo gbẹ́. Tí mo bá gbẹ́ díẹ̀, màá pè é kó dì í mú. Ibi tó bá ní ó ń dun òun, màá fi fáìlì ha á. Mo fi tíúbù kẹ̀kẹ́ wé e kí òógùn má baà jẹ́ kó yọ̀.

A lọ sí Adó ní Sátidé tó kọjá. Àwọn tó dojú kọ ọ́ kò mọ ibi tí idà ń gbà wọlé. Nínú ọmọ mẹ́rìndínlógún, òun ló ṣe ipò kejì. Rẹfirí yí èèkù náà wò, ó béèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Mojọlá ní, "Wọn kì í tà á, sà. Bàbá àgbà mi ló gbẹ́ ẹ sí mi lọ́wọ́." Fọlárìn, orí mi wú. Mo dìde, mo ń bọ àwọn tí n kò mọ̀ rí lọ́wọ́.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ bọ̀, ìwọ ni mo ń rò. Ní kíláàsì kẹta ní Ìpótì, èmi tíṣà rẹ, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, ni mo fi àkísà so ọwọ́ òsì rẹ mọ́ bẹ́ǹṣì, tí mo sì ń nà ọ́ lẹ́yìn ọwọ́ tí o bá tú u. Ìwọ tó máa ń ya ẹyẹ sára síléètì, tí gbogbo kíláàsì á wá wò, o kò ya nǹkan mọ́. Mo kọ ọ́ sínú káàdì rẹ pé ọ̀lẹ ni ọ́. Bàbá wa gbà mí gbọ́, ó mú ọ lọ oko kòkó. Mo máa ń sọ pé bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn. Irọ́ ni. Tíṣà méjì wà níbẹ̀ tí kò fìyà jẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo yàn láti nà ọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Bí kò bá tíì ṣeé ṣe fún ọ, mo gba bẹ́ẹ̀ náà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ilé. Ìyá Olúfẹ́mi àti Mojọlá ní kí n kí ọ. Tí o bá máa fún mi lésì, fi ọwọ́ òsì kọ ọ́. Bó wọ́, bó rí jákujàku, má ṣe tún un kọ. Màá kà á.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí rẹ,
Ẹ̀yínadé