Aṣọ Ìléyá àti Eegun Ẹ̀yìn Kẹ́hìndé

Ọjọ́ Ajé, 8/6/92
Rosaline aránṣọ gbé aṣọ Ìléyá àwọn ìbejì Àkíbù ọmọ mi wá. Aṣọ kan náà. Ara Táyé nìkan ló wọ̀n, ó fi gé ti méjèèjì — bí wọ́n ṣe ń ṣe ti ìbejì n'Ígbó-Ọrà níbí. Ti Táyé gún. Ti Kẹ́hìndé gòkè lápá ọ̀tún. Mo ní, "Rosaline, ṣé ẹmu lo ń rọ sí máṣíìnì dípò epo ni?" Ó ní, "Bàbá Àkíbù, ẹ jẹ́ n tún un ṣe."

Ọjọ́bọ̀, 11/6 — Ìléyá
Ó tún un ṣe, ó ṣì gòkè. Bí a ṣe dé yídì, mo kígbe níwájú gbogbo èèyàn: "Ẹ yà o! Ọkọ̀ Igangan ń bọ̀, iṣu ti wúwo jù lápá kan!" Ẹ̀rín pa wọ́n. Kẹ́hìndé náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ká tó délé, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń fi kọrin.

Jímọ̀, 12/6
Ìjọba — Àpèkẹ́ ìyàwó mi — ló rí Kẹ́hìndé níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń fọṣọ. Ó pè mí. Ìhà ọ̀tún yọ sókè, tòsì lọ sílẹ̀. Kì í ṣe aṣọ. Ara ọmọ ni.

Ìṣẹ́gun, 16/6
Mo lọ bẹ Rosaline. Ó ní òun ti fura. "Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́, Bàbá? Ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Mo ní kó bú mi. Kò bú mi. Ìyẹn ló burú jù.

Ọjọ́rú, 24/6
Ìbàdàn. Dókítà obìnrin ní kí Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ kó fọwọ́ kan ẹsẹ̀. Wọ́n ya àwòrán eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wọ́ bí ọ̀nà oko. Ìjọba ní ṣé omi tó ń rù ni? "Rárá, Màmá. Kì í ṣe ẹrù, kì í ṣe ìjókòó, kò sẹ́ni tó ṣe é. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ẹ̀yìn wíwọ́ báyìí, a ò mọ ohun tó fà á." Ó wo Táyé náà. Tirẹ̀ gún. Ó ní nítorí Kẹ́hìndé ṣì ń dàgbà, ó lè wọ́ sí i. Kó máa wọ ẹ̀wù líle kan tí yóò dì í mú. Kò ní mú ẹ̀yìn náà gún, ṣùgbọ́n ó lè má jẹ́ kó burú sí i. Ká má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pé òun ń tò ó.

Jímọ̀, 17/7
Ẹ̀wù náà dé. Kẹ́hìndé ò wọ̀ ọ́. "Wọ́n á ní ọkọ̀ Igangan ti kan bọ́dì tuntun." Èmi gan-an ni ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀! Mo jáde lọ bẹ àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n yé kọrin. Àgbà bíi tèmi. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 25/7
Kò wọ̀ ọ́.

Àìkú, 2/8
Ó wọ̀ ọ́ lánàá. Táyé ló fàáké kọ́rí pé òun ò ní jáde nílé bí kò bá wọ̀ ọ́. Òun ló ń bá a fa okùn ẹ̀yìn ẹ̀wù náà. Láti Ìbàdàn ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé — mo rò pé ìyẹn ni ẹ̀bẹ̀. Lónìí mo pe Táyé ní Ikùn-Ò-Kún, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé ò rín. Ó ní, "Bàbá, Táyé nìkan lẹ ń bá ṣeré. Ṣé tèmi ti burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"