Ilẹ̀kùn Kékeré Tí Kì í Ṣe Tèmi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Káfíńtà dé lónìí. Ọdún méjì ni mo fi bẹ̀bẹ̀ fún ilé ìdáná tuntun, ó ṣì dà bí àlá lójú mi. Kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ tí mo fẹ́: tóóró, gíga, tí èèyàn máa fà jáde látòkè délẹ̀ bíi dúrọ́ọ̀ kan ṣoṣo, tí mo máa rí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mi ò fẹ́ máa ki orí bọ inú òkùnkùn wá iyọ̀ mọ́.

Ó kó irin tó máa gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà jáde wá, oríṣi méjì. Ọ̀kan ń jáde dé ìdajì. Èkejì ń jáde tán pátápátá, ó sì ń rọra padé fúnra rẹ̀. Mo mú èkejì, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ilé oògùn tí mo ti ń tajà, gbogbo dúrọ́ọ̀ wa ló ń jáde tán — oògùn tó bá sá sẹ́yìn, ibẹ̀ ló ń bàjẹ́ sí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù: Jẹ́jẹ́. Ọkọ mi tí kò mọ ibi tí a ń gbé ṣúgà sí, tó máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ilẹ̀, fa àga, ó jókòó, ó ń bi mí ní ìbéèrè. Kí ló dé tó fi jẹ́ irin yìí? Kílò mélòó ló lè gbé? Ṣé ọwọ́ kan lè fà á? Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀! Mo wò ó títí.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Háńdù tí màá fi máa fa ilẹ̀kùn ló kàn lónìí. Káfíńtà kì í fi tépù wọn ibi tí háńdù máa wà. Ó ní kí n dúró ti ògiri, kí n ká apá mi, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi ìgbúnwọ́ mi. Ibi tí ìgbúnwọ́ oníkálukú bá dé ni háńdù rẹ̀ ń wà. Ó ní ilé ìdáná tí òun bá fi tépù wọ̀n, kí tépù wá máa dáná níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Jẹ́jẹ́ tún dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹni náà kò lágbára, èwo ni màá yàn, èyí tó rí roboto àbí ọ̀pá gígùn? Mo ní ọ̀pá gígùn, torí èèyàn lè fi ọwọ́ kọ́ ọ, kò dìgbà tó bá fi ìka dì í mú. Mo bi í bóyá ó ti ń rí mi bí arúgbó ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń kọ̀wé rẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta

Wọ́n hú kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ dànù. Eku mẹ́ta. Mi ò lè kọ̀wé mọ́ lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹta

Jẹ́jẹ́ ti lọ sí ìpàdé rẹ̀ ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo jókòó, mo ń ya bí màá ṣe to nǹkan. Agbọ̀n onírin ni mo yàn, kì í ṣe onípákó — èèyàn á máa rí ohun tó kù nínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Òróró àti ìrẹsì nísàlẹ̀, torí wọ́n wúwo. Iyọ̀, ṣúgà, tíì, níwájú gan-an níbi tí ọwọ́ ń tètè dé, bí ìyá mi ṣe máa ń —

Mo fagi lé e. Ọdún mẹ́fà rèé tí a ti jà. Wọ́n wo Jẹ́jẹ́ lójú, wọ́n ní kò lè bọ́ ajá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọmọ àwọn.  Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo kó ẹrù mi kúrò nílé wọn lọ́jọ́ náà, mo sì ti sọ fún Jẹ́jẹ́: ẹni tó bá dárúkọ wọn létí mi nínú ilé yìí, kó kó ẹrù tiẹ̀ náà. Òfin yẹn kan ìwé yìí pẹ̀lú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

 Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Káfíńtà gbé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà wá, ó ní òun fẹ́ sáré lọ ra ìṣó. Mo gbé e nàró. Kò ga ju àyà mi lọ. Háńdù rẹ̀ wà níbi itan mi. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo ní ọkùnrin yìí ti mutí. Mo wá yí i padà. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: Ọ̀GÁ, ILÉ KEJÌ.

Ọ̀gá ni káfíńtà ń pe Jẹ́jẹ́.  Ilé kejì wo?

Nígbà tó padà dé, mo bi í. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó di orí mú. Ó ní àṣìṣe ni, òun ti gbé tèmi lọ sí ọ̀hún, ti ọ̀hún ló wá síbí. Nǹkan kan náà ni ọ̀gá ní kí òun ṣe síbẹ̀: irin kan náà, agbọ̀n kan náà, háńdù kan náà. Ó ní, "Màdáàmù, mo rò pé ẹ mọ̀ ni." Mo bi í pé ta ló ń gbébẹ̀. Ó ní obìnrin kan ni. Ó ní òun kì í dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, kí n bi ọ̀gá. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Obìnrin kan. Mo wá rántí pé ìgbúnwọ́ ló fi ń wọ̀n. Ta ni ìgbúnwọ́ rẹ̀ ń dé ibi itan mi? Ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́fà, bóyá méje. Mo jókòó sórí sìmẹ́ǹtì láàárín pákó. Àwa méjèèjì kò tíì bí. Ọkọ mi ti bímọ síta, ó sì ń fi ọgbọ́n orí mi kọ́ ilé ìdáná fún wọn.

Mo ti ilẹ̀kùn náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta

Ó wọlé, ó kí mi, ó jẹun, ó ní obẹ̀ dùn. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Ẹ̀rù ìdáhùn ń bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fún ọkùnrin kan ní oògùn ẹlòmíì lónìí. Ọ̀gá wa nílé oògùn gba páálí náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa lọ sinmi.

Káfíńtà pè, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ti dúró lọ́hùn-ún. Mo ní kò ní kúrò níbí àfi tí èmi náà bá wà nínú ọkọ̀, Jẹ́jẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ gbọ́.  Ó ní ó dáa, àmọ́ kí n jọ̀ọ́, kí n má jà níbi iṣẹ́ òun.

Mo ti mọ ohun tí màá sọ fún obìnrin náà, mo ti sọ ọ́ fún dígí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Tó bá rí bí mo ṣe rò, mi ò ní sun ilé yìí lọ́la. Báàgì mi ti wà ní dídì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹta

Jẹ́jẹ́ ní òun ń lọ sí ìpàdé. Wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, mo wọ ọkọ̀ káfíńtà, ilẹ̀kùn lórí ẹsẹ̀ mi. Àdúgbò tí mi ò dé rí. Ilé kékeré kan, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ní àtẹ̀gùn, sìmẹ́ǹtì tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mi ò kanlẹ̀kùn. Mo já wọlé.

Jẹ́jẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ nílé ìdáná, ó ń to ìrẹsì sínú agbọ̀n ìsàlẹ̀. Ó rí mi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Kò sí ọmọ kankan. Ìyá mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí àga onítáyà.

Ìyá mi! Wọ́n ti rù. Ẹnu wọn yẹ̀ sápá kan. Ọwọ́ òsì wọn sùn sórí itan, kò mira. Ìgbúnwọ́ ọ̀tún wà lórí apá àga, ibi itan mi gẹ́lẹ́ ló dé. Ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ sórí fò lọ pátá. Rọpá-rọsẹ̀, ó ti lé lọ́dún kan, èmi tí mò ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún gbogbo àdúgbò. Kò sí bí Jẹ́jẹ́ ṣe fẹ́ sọ ọ́. Èmi ni mo fòfin de ẹnu rẹ̀.

Wọ́n wò mí pẹ́. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọkọ ẹ ní ìwọ lo yan gbogbo ẹ̀. Irin tó ń jáde tán. Háńdù gígùn, torí ọwọ́ mi. Ó ní kò tíì yá ẹ lára láti wá, àmọ́ kí n máa lò ó ná. Mo ní kò burú. Tó o bá lè jókòó ro bí mo ṣe máa mú iyọ̀, o ò bínú sí mi mọ́ nìyẹn."

Mo wo Jẹ́jẹ́. Ọkùnrin tí wọ́n fi wé ẹni tí kò lè bọ́ ajá, lójú mi. Ó tẹ orí ba, ó di àpò ìrẹsì mú, kò wò mí.

Màmá ní, "Àbí ìwọ kọ́?"

Mo ní, "Èmi ni, Màmá. Èmi ni mo yàn án."